Máṣìnì Tó Tẹ Láfún Màmá

Bọ́tìnnì kẹrin ni mo ń rán mọ́ ẹ̀wù ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Ihò mẹ́rin ló wà lára bọ́tìnnì náà, mo sì ti gba inú méjì kọjá. Mo rántí èyí dáadáa nítorí pé ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí n tó padà sídìí aṣọ yẹn. Abẹ́rẹ́ ṣì wà níbi tí mo gún un sí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Ẹni tó pè mí ni ọlọ́kadà tó máa ń gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí mi lọ́la o."

"Kí ló dé?"

"Epo ni. Ilé epo tó kù ní ìlú ti tì pa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já epo sí ìtòsí bodè mọ́. Mo ti gbé máṣìnì mi wọ yàrá. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn báyìí, bíi tọkọtaya."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì wo ẹsẹ̀ ìyá mi.

Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí, báńdéèjì funfun wé e láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìka. Kùkùté àgbàdo ló gún un ní gìgísẹ̀ lóko. Ojú ọgbẹ́ náà kéré nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò ju orí bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ onítọ̀ ṣúgà kì í sì í mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó ti jẹ wọ inú. Nọ́ọ̀sì tó ń fọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn tó wà nínú ìlú ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti fi ìka yí ibì kan po fún mi.

"Ẹ wo ibí yìí. Ọjọ́ kejì-kejì ni kí ẹ máa gbé wọn wá. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta láé. Bí ibí yìí bá fi lè dúdú, Abẹ́òkúta ni mo máa kọ yín sí, gígé ni wọ́n sì máa gé e."

Ọ̀la tí ọlọ́kadà wí yìí ni ọjọ́ kejì. Ó ku wákàtí mẹ́rìnlélógún péré.

Ìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa ni mo ń sọ, kí àrùn kòrónà tó dé. Apá Ẹ̀gùá ni ilé wa wà, ó tó máìlì mẹ́ta sí ilé ìwòsàn náà. Máìlì mẹ́ta kọ́ ni ìṣòro wa. Òkè ni. Bàbá mi ló kọ́ ilé sórí òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ìdí rẹ̀, á ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, iṣu ló ni ín, iṣu kò lè gun òkè, èèyàn lè gùn ún. Ẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń gùn ún títí ó fi kú. Láti etí títì dé àgbàlá wa jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pákó tíìkì méjì tí a fi dá afárá sórí gọ́tà. Lẹ́yìn pákó ni ilẹ̀ pupa tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ bí èkùrọ́. Ní ìṣísẹ̀ kọkànlélógójì, igi máńgòrò kan na gbòǹgbò rẹ̀ gba ojú ọ̀nà kọjá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà sì ti ṣẹ́ sápá òsì lójijì. Ìgúnpá ni à ń pè é nílé wa. Lẹ́yìn Ìgúnpá, àpáta dídán ló kù títí dé àgbàlá. Ibẹ̀ ló ga jù, bí ìrì bá sì wà lórí rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kòtò tí a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí.

Ọlọ́kadà wa nìkan ló gbà láti máa gòkè yẹn. Mo pe àwọn mẹ́ta mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Méjì kò ní epo. Ẹ̀kẹta ní epo díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ó ní títì lòun máa dúró sí, pé òkè wa máa mu epo òun tán kí òun tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fẹ́ gbé. Mo lè pọn ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Mo wọn ara mi wò, mo mọ̀ pé mi ò lè pọ̀n ọ́n gòkè.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, alùpùpù kan wà nínú àgbàlá wa. Ó wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tánkì rẹ̀ kún fún epo.

Ọkọ mi ló ni ín. Tírélà sìmẹ́ǹtì ló ń wà ní Ìbèsè, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ó máa ń rọ epo kún tánkì náà kó tó lọ nítorí ó gbà pé tánkì tó bá kún kì í dípẹtà nínú. Ọwọ́ aládùúgbò wa tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè ló ti rà á. Ọkùnrin yẹn fi máṣìnì náà ru ìrẹsì wọlé láti òdìkejì bodè fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n ti bodè, tí àwọn aláṣọ ìjọba kún gbogbo ọ̀nà inú igbó, ó rí bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ṣubú tí egungun ìdí rẹ̀ fi ṣẹ́. Ó tà á lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì gba oko ẹ̀gẹ́ lọ.

Máṣìnì náà tóbi. Bí ọkọ mi bá fẹ́ gbé e lé sítáńdì àárín, ó máa ń pe èèyàn kan kún ara rẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ ti jó irin mọ́ ọn lẹ́yìn, ṣọ́kì mẹ́rin ló ní dípò méjì, kó lè gba àpò ìrẹsì márùn-ún.

Ìyá mi kì í wo apá ibi tó wà. Ìdí rẹ̀ rèé. Ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, Màmá sá láfún sórí àpáta pẹlẹbẹ kan tó wà létí títì nísàlẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo ilé ti ń sá nǹkan. Ní ìdájí, aládùúgbò wa gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrẹsì, àwọn kan ń lé e, ó sì gba àárín láfún náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò dúró. Kò wá ní ọjọ́ kejì. Màmá fi láfún náà sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ipa táyà lórí rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì kó o fún ewúrẹ́.

"Kì í ṣe láfún ló dùn mí," ó sọ fún mi. "Ẹni tó bá tẹ oúnjẹ èèyàn mọ́lẹ̀ tí kò wẹ̀yìn wò, kí ni mo fẹ́ fi ìkíni rẹ̀ ṣe?"

Látọjọ́ náà, kò dá a lóhùn mọ́. Ọkùnrin náà kò sì dẹ́kun láti máa kí i. Láàárọ̀, lálẹ́, "Ẹ kú ilé o, Màmá," bí ẹni ń kí ògiri. Èmi máa ń dáhùn lábẹ́ ahọ́n kí Màmá má baà gbọ́, mo sì rò pé òun náà kò gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní fi pamọ́.

Mo mọ alùpùpù gùn. Mo gun kékeré fún ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí Màmá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ṣí tapólì, mo fi ṣòkòtò ọkọ mi sábẹ́ yẹ̀rì, mo sì ta máṣìnì náà jí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó jí. Mo fi jíà kìíní sọ̀ kalẹ̀, mo sì dé ìsàlẹ̀. Mo yí i padà lórí títì. Mo gòkè.

Mo dé Ìgúnpá. Ojú mi wà lára gbòǹgbò máńgòrò nítorí òun ni mò ń bẹ̀rù. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún-pọ́ún lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, kò mú ilẹ̀ rárá, ni a bá jọ dùbúlẹ̀, èmi lápá kan, òun lápá kejì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo pa ẹnu epo dé. Ohun kejì, mo wo ẹsẹ̀ mi: ó bó díẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, mo gbìyànjú láti gbé e dìde. Mi ò lè gbé e. Mo jókòó tì í, mo ń wo èéfín síláńsà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀. "Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé n lè gun òkè yín?"

Aládùúgbò wa ni. Ó dúró sórí pákó gọ́tà, kò gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Ó ń dúró de àṣẹ.

"Àbúrò, máa bọ̀," ni mo wí. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà tí mo sọ̀rọ̀ tó lè gbọ́.

Ó kọ ẹ̀yìn sí máṣìnì náà, ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ kan di apá rẹ̀ mú, ó fi ìkejì di irin ìdí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn. Máṣìnì náà dìde bí ìgbà tí èèyàn jí ọmọ lójú oorun. Ó fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára tánkì.

"Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ebi ló ń pa á."

"Tánkì rẹ̀ kún."

"Kì í ṣe epo. Ẹrù! Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rìn lófìfo rí. Ṣọ́kì mẹ́rin, kí ẹ̀yin nìkan wá gùn ún? Ológoṣẹ́ bà lé òrùlé nìyẹn. Òrùlé ò mọ̀. Níbo lẹ tilẹ̀ ń lọ?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo sì sọ pé ọ̀la ni. Ó wo òkè, síbi tí Màmá sùn sí.

"Ẹ rọ yanrìn sínú àpò," ó ní. "Kó má kún. Mò ń lọ kí ìrun alásárì, mò ń bọ̀."

Èmi kò ní sùúrù ọjọ́ yẹn. Mo rọ yanrìn sí ìdajì àpò, mo fi okùn dè é mọ́ irin ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí mo ti ń rí i tí gbogbo ọlọ́kadà ń dì í láti kékeré mi. Mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún gòkè. Mo kọjá Ìgúnpá, táyà ẹ̀yìn mú ilẹ̀ dáadáa, inú mi dùn. Mo gun orí àpáta, ni iwájú máṣìnì bá gbéra nílẹ̀. Ojú ọ̀run ni mo rí níbi tó yẹ kí n ti rí ilé wa. Mo tẹ búrẹ́kì ẹsẹ̀, mo gbára lé apá òsì, a sì rọra yọ̀ padà sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà.

Nígbà tí aládùúgbò wa dé, omi àlùwàlá ṣì wà létí rẹ̀. Ó wo ipa táyà lórí àpáta, ó wo àpò.

"Ta ló ní kí ẹ dè é mọ́ ìdí?"

"Ṣebí ẹ̀yìn ni gbogbo yín ń dì í sí."

"Ní pẹrẹsẹ, Ẹ̀gbọ́n! Ní pẹrẹsẹ! Bí a bá kan ibi tó ga, àpò kan á dìde lẹ́yìn, á wá jókòó síwájú, lórí tánkì, bí ọmọ. Ẹ fẹ́ fò lọ sọ́run pẹ̀lú yanrìn?"

Ó tú u, ó gbé e sórí tánkì, láàárín apá mi méjèèjì. Ó sọ nǹkan mẹ́ta fún mi, mi ò gbàgbé ìkankan. Ibi tí ojú bá wà ni táyà ń lọ, nítorí náà kí n wo ẹnu ọ̀nà ilé wa, kí n má wo gbòǹgbò. Jíà kìíní láti orí pákó dé àgbàlá, kí n má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àti pé bí mo bá ń gòkè, ẹrù níwájú. Bí mo bá ń sọ̀, ẹrù lẹ́yìn. Ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn ń pariwo, "Dúsúmà! Dúsúmà!" Ọ̀rọ̀ àwọn ará òdìkejì ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni mo rí i pé mo mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó bá dé igun kọ́là náà ni: ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ ń ṣe tirẹ̀, kò gbọdọ̀ já.

Mo gòkè lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró.

Ó ku ohun kan. Bí Màmá bá jókòó sẹ́yìn mi nígbà tí a bá ń gòkè, a ó dà bí àpò tí mo dè mọ́ ìdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ta síta. Mo mú téèpù ìránṣọ mi, mo wọn ibi tí ògiri ilẹ̀ ti sún mọ́ ọ̀nà jù ní Ìgúnpá: íǹṣì mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé máṣìnì. Mo sọ fún aládùúgbò wa. Ó fọwọ́ họ orí.

"Màmá fúnra wọn kò wúwo tó àpò kan," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Mo wò ó. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn o. Èmi, wọn kì í dá mi lóhùn."

Màmá ti jí. Mo jókòó tì í.

"Màmá, mo ti rí ohun tí màá fi gbé yín lọ lọ́la. Bí a bá ń bọ̀, ẹ ó jókòó síwájú mi, lórí tánkì."

"Bí ta ni?"

Mi ò lè purọ́ fún un. "Bí ìrẹsì, Màmá."

"Máṣìnì tó tẹ láfún mi yẹn ni?"

"Òun ni."

"Ẹni tó wà á náà ló kọ́ ẹ?"

"Òun náà ni."

Ó na ọwọ́ sí báńdéèjì rẹ̀, ó tún un tẹ́ síbi tí kò yẹ̀ rárá. "Ṣé n ó wá torí láfún fi ẹsẹ̀ ṣòfò? Láfún tí ewúrẹ́ ti jẹ. Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí, ṣé kò le jù?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo rán tìmùtìmù kékeré fún orí tánkì, mo sì fi àjákù kákí tó kù nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rán ọ̀já kan, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méje, ìlọ́po mẹ́ta.

Láàárọ̀, a sọ̀ kalẹ̀, Màmá wà lẹ́yìn mi. Aládùúgbò wa dúró lórí pákó.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Mo ń retí ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti mọ̀.

"Láfún mi ńkọ́?" ni Màmá wí.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Wọ́n ń lé mi ni."

"Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń lé ẹ?"

"Ojú ló tì mí. Lọ́jọ́ kejì, mo múra láti wá. Mo rí i pé ẹ ò kó láfún yẹn nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo èèyàn ti rí i. Ìgbà tó yá, ó ti pọ̀jù lẹ́nu mi. Ìkíni nìkan ni mo rí sọ."

Màmá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. "Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù. Bí a bá ń bọ̀, kí o wà níbí. Bí ọmọ yìí bá gbé mi ṣubú, ìwọ ni n ó mú."

Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ nu ojú.

Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ibi tó fi ìka yí po. Kò dúdú. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta," ó ní. Mo ní òun la ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ ti yanrìn.

Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ òkè, aládùúgbò wa gbé Màmá sórí tánkì, ẹ̀gbẹ́ ló fi jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ti òsì. Mo fi ọ̀já wé e mọ́ àyà mi. Gèlè rẹ̀ dí mi lójú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ gèlè."

"Kí n bọ́ gèlè níta?"

"Mi ò rí ẹnu ọ̀nà ilé."

Ó bọ́ ọ, ó tì í bọ àyà. Irun funfun rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, ó ń ta òórùn òrí. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Pákó dún lábẹ́ wa. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n táyà mú ilẹ̀. Aládùúgbò wa ń sáré, "Dúsúmà!", Màmá náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń kígbe "Dúsúmà! Dúsúmà!" láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ní Ìgúnpá, mo rí gbòǹgbò ní igun ojú mi, mi ò wò ó. Ẹnu ọ̀nà wa ni mò ń wò, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Àpáta gbà wá. Iwájú kò gbéra.

Mo pa máṣìnì nínú àgbàlá.

"Ṣé a ti dé ni?" Màmá béèrè. Ó ti di ojú láti orí pákó.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ kejì-kejì. Nígbà tí ọkọ mi wálé, ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó lóṣòó, ó fún ṣéènì rẹ̀ le, ó gùn ún lọ sí Ayétòrò, ó rọ epo kún un níbi tí wọ́n ṣì ti ń tà, ó sì gbé e padà sídìí ilé ìdáná. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, aláṣọ ìjọba kan dá wa dúró lójú títì. Ó wo ṣọ́kì mẹ́rin náà.

"Ìyá, kí lẹ ń fi máṣìnì yìí gbé?"

"Ìyá mi ni," ni mo dáhùn.

"Ṣọ́kì mẹ́rin, fún ìyá yìí? Wọ́n mà wúwo o!"

"Ọ̀rọ̀ ló kún inú mi," Màmá wí lẹ́yìn mi. Aláṣọ ìjọba náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ okùn ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nínú oṣù yẹn. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Mo dìde, mo ní mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sì jókòó. Ó yẹ kí n dárúkọ aládùúgbò mi tó ń kí ògiri fún ọdún mẹ́fà tí kò sú u, tó sì sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gòkè ní gbogbo ìgbà tí a bọ̀ láìjẹ́ kí n fún un ní nǹkan kan. Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ pẹ́ níwájú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí.

Ìgbà mẹ́tàlélógún ni a lọ síbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé ó tó. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Ó fi ìka tẹ gìgísẹ̀ Màmá. Awọ ti bo ojú rẹ̀, ó pọ́n, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ ọmọ tuntun. "Wọn ò gbọdọ̀ wọ oko láìwọ bàtà mọ́," ó ní, ó sì wé báńdéèjì tó kù sínú pépà fún wa.

A dé ìsàlẹ̀ òkè. Aládùúgbò wa ti ń bọ̀ láti gbé Màmá síwájú, ṣùgbọ́n Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Fi mí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi gòkè mi."

Ó gun orí pákó, ọ̀tún, òsì, ó sì kọjá rẹ̀. Ó kó ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ nínú mi. Nígbà tó di méjìlá, mo rí i pé kò ní ṣubú, mo ta máṣìnì jí láti tẹ̀ lé e.

Èmi àti Màmá ti gbàgbé ohun kan. Àpò yanrìn yẹn, mo ti tú u dànù látọjọ́ pípẹ́, mo ti fi àpò rẹ̀ di iṣu. Bí mo ṣe kúrò lórí pákó, táyà ẹ̀yìn ta pọ́ún, ó tún ta pọ́ún, iwájú yà sápá gọ́tà. Mo tẹ búrẹ́kì, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀.

"Mo sọ ọ́!" Aládùúgbò wa ń rẹ́rìn-ín. "Ológoṣẹ́!"

Màmá dúró lókè, ó yíjú padà. "Kí ló ṣe é?"

"Kò gbà, Màmá. Kò sí ẹrù níwájú rẹ̀."

Ó wo òkè tó kù, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó wo èmi. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ìṣísẹ̀ méjìlá, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó tì í bọ àyà, ó sì fi ọwọ́ gbá mi níkùn.

"Sún sẹ́yìn jàre," ó ní. "Ẹrù ẹ ti dé."